Iṣu Tó Gba Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì Wọ̀lú

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni iṣẹ́ mi, mo máa ń dáhùn pé olùkọ́ ni mí, mo sì ń ṣe ìwádìí nípa iṣu. Ohun tí n kì í sọ ni pé kì í ṣe iṣu ló ń tètè jí mi láràárọ̀ Sátidé. Búlọ́ọ̀gù mi ni. Ojú ewé kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo ń kọ ohun tí mo bá rí lóko sí, tí ẹnikẹ́ni níbikíbi láyé lè kà, kó sì fèsì sí nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ kàwé lókè òkun ló bá mi ṣí i, ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Kafe kan wà ní Ìkọ̀lé tí mo sọ di ilé. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà sì ń fẹ́ kéèyàn fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lórí kó tó jí. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé láti ilé, kí n má bàa jókòó síbẹ̀ máa ro àròjinlẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ń dúró lẹ́yìn mi. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, gbogbo wa á kígbe pọ̀, a ó jókòó sínú ooru, a ó sì máa bá ara wa ṣàwàdà títí wọn ó fi tún un tàn. N kò mọ ibi tí inú mi tún ń dùn sí tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo fẹ́ràn ìyìn bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu. Ìwé ìwádìí tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ, èèyàn mélòó ló kà á? Ọ̀gá mi, èmi fúnra mi, àti ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Gánà pé bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an ni ìyá òun ṣe ń tọ́jú iṣu èèbù, pé òun ti rò pé ìmọ̀ náà ti bá ìyá òun wọlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì fún gbogbo ẹni tó wà ní kafe. Wọn ò bi mí pé kí ló dé, wọ́n kàn jẹ ẹ́.

Ìwà ọmọlúàbí wà nínú iṣẹ́ náà o. Ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi ní òfin rẹ̀, mo sì há wọn sórí bíi katikísìmù: bí o bá mú ọ̀rọ̀ láti ojú ewé ẹlòmíì, sọ ibi tí o ti mú un, ẹni tó bá kí ọ, dá a lóhùn, bí ẹnì kan bá bú ọ, fi ẹ̀rín fèsì, bí o bá sì ṣàṣìṣe, má ṣe yọ́ pa á rẹ́, àtúnṣe ni kí o kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé gbogbo òfin yẹn, nítorí ẹni tó ń kà á ni wọ́n ṣe wà. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ tó dárúkọ ẹni tí a ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi ní ìyẹn ni bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìrè. Mo máa ń gba ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́, kí n gun ọ̀kadà wọ Ìrè, kí n tún fẹsẹ̀ rìn dé oko rẹ̀. Bàbá yìí ló dàgbà jù nínú agbo ilé kan tó ń bọ Ògún. Lọ́dọọdún, òun ló ń gé iṣu tuntun níwájú Ògún fún gbogbo ẹbí. Bí kò bá tíì gé e, kò sí ọmọ ilé náà tó gbọ́dọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu, ìyẹn títí dé àwọn tó ti di ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ọ̀bẹ tó fi ń gé e ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Lójú tèmi, n kò tíì rí ohun mìíràn tó fi ń yangàn tó ọ̀bẹ yẹn.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni irú iṣu kan tó ń gbìn. Ìyá rẹ̀ ló gbé e wá láti Ìsàn nígbà tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Mo ti wá irú rẹ̀ káàkiri Ìsàn, mo dé Ìgbólé, n kò rí i. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí nìkan ló kù sí, kò sì ju ogójì ebè lọ.

Nínú oṣù òjò kan, ó kù bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n bọ Ògún, mo bẹ Bàbá pé kó wa ẹyọ kan fún mi, kí n wo bó ṣe ta sí. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àwọn olùkọ́ ò ní sùúrù, àfi kí wọ́n ṣí ìkòkò wò kó tó hó. Lẹ́yìn náà ló gbé àdá, ó sì wà á.

“Uṣu yìí kò gbọdọ̀ wọ ùlú o,” ló wí. “Títí a ó fi bọ Ògún, inú oko ló máa wà.”

“Kò ní wọ ùlú, Bàbá.”

Mo yọ kámẹ́rà mi. Bàbá fi ọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ ara iṣu náà, ó gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ya àwòrán tán, ó fi ewé bo iṣu náà sínú ahéré. Bí a ṣe fi í síbẹ̀ nìyẹn. Mo mú ìlérí mi ṣẹ, mo fi ọwọ́ òfìfo padà sí Ìkọ̀lé.

Ní Sátidé, mo gbé àwòrán náà sórí búlọ́ọ̀gù. Mo kọ bí Bàbá ṣe ń tọ́jú èèbù rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo kọ orúkọ ìlú sí i, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé iṣu tuntun ọdún yìí rèé láti Ìrè. Ẹ̀rí ọkàn mi mọ́ bí omi àfàárọ̀pọn. N kò rò ó pé íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú jẹ́ ojú ọ̀nà tó wọ ìlú.

Àwọn èsì ń rọ́ wọlé bí òjò. Nínú wọn ni ti ọmọ Ìrè kan tó wà ní Amẹ́ríkà. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé a ti bọ Ògún ni? Wọn ò sọ fún mi.” Mo dá a lóhùn kíákíá pé mo dúpẹ́ fún ìkíni rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. N kò gbọ́ ìbéèrè tó wà níbẹ̀ rárá.

Ọkùnrin náà tẹ ìyá rẹ̀ láago pé kí ló dé tí wọ́n fi bọ Ògún láìsọ fún òun. Ìyá ní wọn ò tíì bọ ọ́. Ọmọ ní irọ́ ni, pé òun rí àgbà ilé wọn tó gbé iṣu tuntun lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àbúrò Bàbá fi pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ẹbí ti pe Bàbá jókòó, pé bóyá kí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kí n máa bọ̀.

Mo tẹ ojú ewé náà jáde sórí bébà ní kafe, mo sì lọ. Àwọn àgbà bíi mẹ́fà ló jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá wà láàárín wọn bí ẹlẹ́jọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ̀bi mi ni, ẹ̀bi mi pátápátá, ṣùgbọ́n iṣu náà kò kúrò nínú oko, kò wọ ìlú.

Ìyá arúgbó kan wò mí láti orí títí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Uṣu tó dé Amẹ́ríkà, tó tibẹ̀ padà wá sí Ìrè, tí gbogbo ulé gbọ́ nípa rẹ̀, òun lo ní kò tíì wọ ùlú?”

Ẹnì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Àbúrò Bàbá, tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, wá ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, àbí olùkọ́ yìí ló wa uṣu náà tí ẹ ò mọ̀? Àlejò ni. Ògún kò ní bínú sí àlejò.”

Mo rí ọ̀nà yẹn, mo sì sáré sí i. Mo ti la ẹnu láti ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni, nígbà tí Bàbá na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́.

“Èmi ni mo wà á,” ló wí. “Mo gbé e sókè fún un kó lè rí i yà dáadáa. Níwájú irin, n kò ní purọ́.” Ó yọ ọ̀bẹ náà, ó gbé e sílẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀. “Lọ́dún yìí, ìwọ lo máa gé uṣu.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Wọ́n ní kí èmi mú obì àti epo wá, mo mú un wá. Ṣùgbọ́n mo sunkún padà sí Ìkọ̀lé, ọlọ́kadà sì rò pé òkú ló kú fún mi.

Bàbá ló ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ ọdún. Mo rí àbúrò rẹ̀ tó ń gé iṣu. Mo rí Bàbá tó tò láàárín àwọn yòókù, tó na ọwọ́ gba tirẹ̀ bí ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí wọra. Òun ní tirẹ̀ jẹ iṣu rẹ̀ dáadáa, ó tún béèrè epo sí i.

Nígbà tí èrò dínkù, mo lọ jókòó tì í. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá di Mọ́ńdè, mo máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwòrán, ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀. Á dà bí ẹni pé kò wáyé rí.”

“Kà á fún mi ná,” ló wí. “Èmi ò tíì gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀.”

Ojú tì mí. Gbogbo ẹni tó wà ní Gánà àti Amẹ́ríkà ló ti kà á ṣáájú rẹ̀. Mo yọ bébà náà nínú báàgì, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un láti inú Gẹ̀ẹ́sì ní ìlà ìlà. Ó dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní n kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé èèbù sí òjìji dáadáa, àti pé kì í ṣe bàbá òun ló kọ́ òun, yèyé òun ni. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí mo bá kọ̀wé nípa rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lórí ebè tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kí n tó gbé e lọ sí kafe. Iṣẹ́ náà tún wá dùn mọ́ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ka àwọn èsì náà fún un. Ti obìnrin ará Gánà, àti ti ọkùnrin kan ní Jàmáíkà tó ń béèrè bóyá èèyàn lè rí èèbù rẹ̀. Ó ní kí n tún ti Jàmáíkà kà. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun tó ń dáko, pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, wọn á se èèbù náà jẹ ni.

Mo tún bi í pé, “Ṣé kí n pa á rẹ́ báyìí, Bàbá?”

Ó wò mí bí a ṣe ń wo ọmọ tí wọ́n ti ṣàlàyé ìṣirò fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“Bí o bá pa á rẹ́, kí wá ni mo torí rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀?”