Páúdà Ọta Ìbọn Nínú Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ilé ara mi ní Skyview Ranch, ní Canada níbí. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn, torí pé gbogbo wa wà láàyè!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í ṣe oníwàhálà. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá airport ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò kàwé rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣọ́ra. Èmi ni mo máa ń padà wọlé lọ wò ó bóyá mo ti pa iná ìdáná. Kí wá ni irú mi ń wá nídìí ìbọn?

Ray ló fà mí wọ̀ ọ́. Òyìnbó àgbàlagbà kan ni, ibi iṣẹ́ kan náà la wà. Ó pe gbogbo wa lọ sí pápá tí wọ́n ti máa ń yìnbọn sí bébà. Mo ní kí n kàn bá wọn lọ wòran ni o! Ìgbà tí mo yin tèmi, tí mo rí ihò láàárín bébà, mo pariwo débi pé gbogbo wọn yíjú wò mí. Bí mo ṣe lọ gba kíláàsì nìyẹn. Mo gba license, mo ra ìbọn kan, mo sì ra àpótí onírin tí mo ń tì í mọ́.

Nígbà tó yá, Ray kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń ṣe ọta fúnra rẹ̀. Òjé ni wọ́n ń yọ́, tí wọ́n ń dà sínú mold tó ń sọ ọ́ di ìrísí ọta. Ṣùgbọ́n òjé lásán máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, nítorí náà wọ́n máa ń wọ aṣọ fún un. Páúdà aláwọ̀ ni aṣọ náà, irú èyí tí wọ́n fi ń kun kẹ̀kẹ́ àti àga onírin. Wọ́n á da ọta àti páúdà pọ̀ sínú ike, wọ́n á mì í jìgìjìgì, lẹ́yìn náà wọ́n á yan án nínú oven títí páúdà á fi yọ́ mọ́ ọn lára. Tó bá jáde dáadáa, ó máa ń dán bí èékánná ìyàwó tuntun!

Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣọ́ra tó. Ìbòmú wà, ìbọ̀wọ́ wà. Ilẹ̀kùn garage á ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú òtútù. Oven àtijọ́ tí mo ń lò kò wọ kitchen mi rí. Mofẹ́, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Grade 2, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Kí ló wá kù? Ike ló kù o!

Màmá, ìyá ọkọ mi, wá kí wa láti Ìbàdàn. Màmá ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìbọn yìí rárá. Á pe ọkọ mi lójú mi, á ní, "Wálé, ìyàwó rẹ ti di ọdẹ. Ẹran dà?"

Èmi á ní, "Màmá, bébà là ń yìn ín sí o."

"Ẹ máa fi bébà se ọbẹ̀ nìyẹn."

Màmá gbé ata gígún wá láti ilé, ó pọ̀ gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ilé wa. Ṣé ike ice cream máa ń dé inú garbage nílé Yorùbá? Bí ice cream bá tán, gààrí á wọ̀ ọ́, ẹ̀gúsí á wọ̀ ọ́. Mo pín ata Màmá sínú àwọn ike wọ̀nyẹn, mo tò wọ́n sórí shelf nínú garage, torí pé ibẹ̀ tutù, kò sì sí àyè nínú kitchen. Páúdà mi ńkọ́? Pupa ni. Ike tí mo ń mì í nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án Sátidé kan tí ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́, ọta mi jáde bó ṣe yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ máa ń rí bí ẹni tí làpálàpá mú. Ti ọjọ́ yẹn ń dán, ó pupa fòò! Mo fò sókè bí ọmọdé. Mo dé ike náà tòun ti páúdà tó kù nínú rẹ̀, mo gbé e sórí shelf kí ọwọ́ mi lè ráyè, mo sì sáré jáde sí driveway lọ pe Ray lórí video. Orí shelf wo? Ẹ má bi mí.

Ibi tí mo ti ń fi ọta han Ray, Màmá gba inú ilé wọ garage, ó mú ata rẹ̀, ó padà sídìí ọbẹ̀. Mi ò tilẹ̀ rí i.

Nígbà tí mo fọwọ́ tán, tí mo pààrọ̀ aṣọ, tí mo wọlé, Màmá fi ayọ̀ pè mí. "Ìyá Mofẹ́, wá wo ọmọ rẹ o! Ó ń jẹ ata!"

Ṣé Mofẹ́ yìí? Mofẹ́ tí ọbẹ̀ ṣíbí kan ń pa lẹ́kún? Òun ló ń lá abọ́! Ó ní, "Mommy, Grandma's stew is so good! It doesn't even hurt!"

Màmá ní òtútù Canada ti ba ata òun jẹ́. Òun bù ú sí i, kò ta. Òun tún bù ú sí i, kò ta. Ló bá sú òun.

Mo rẹ́rìn-ín, mo mú ẹran kan jù sẹ́nu. Kò ta lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan lẹ̀ mọ́ mi léyín bíi chewing gum. Mo wo inú ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán, ó pupa fòò. Mo yíjú, mo rí ike mi lórí counter, tòun ti ṣíbí nínú rẹ̀.

"Màmá! Èyí kì í ṣe ata!"

"Kí wá ni?"

"Páúdà ọta mi ni. Ike òjé nìyẹn, Màmá."

Màmá káwọ́ lérí. Kí n tó mú fóònù, ó ti bu epo pupa sínú ife, ó ti di Mofẹ́ lágbọ̀n mú. Èmi ń pe nọ́ńbà àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ májèlé. Nọ́ọ̀sì tó gbé e ní ká má fún ọmọ ní ohunkóhun tó máa mú un bì, ká fi omi fọ ẹnu rẹ̀, ká sì máa gbé e bọ̀ ní hospital pẹ̀lú ike náà.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un."

"Ṣé o fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi kú ni? Epo yìí ni mo fún bàbá rẹ̀ nígbà tó mu kerosíìnì!"

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìdílé wọn, mi ò gbé ohùn sókè sí Màmá rí. Ọjọ́ náà, mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà á ni o! Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ kitchen pẹ̀lú ife lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ bínú sí mi lọ́la, Màmá. Lónìí, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ní hospital, wọ́n ya X-ray fún ọmọ, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí Màmá náà ti jẹ nínú rẹ̀. Dókítà ní páúdà fúnra rẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde. Òjé tó bá a wọlé lòun ń rò, torí májèlé ni, ara ọmọdé sì máa ń fà á ju ti àgbà lọ. Ó ní ká lọ sílé ká máa retí èsì.

Retí kẹ̀? Bí Mofẹ́ bá yán, èmi á dìde. Tó bá ní òun ò jẹun, ọkàn mi á fò lọ. Ọkọ mi ò bá mi wí rárá, ìyẹn tilẹ̀ burú ju kó bá mi jà lọ. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀, oúnjẹ ò sì kọjá lọ́fun rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n pè láti hospital, èmi àti Màmá la wà nílé. Obìnrin tó pè ní òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ò tó ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù, pé ká kàn padà wá kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Mo pariwo! Màmá rò pé ó ti burú, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó dára, Màmá! Ara ọmọ dára!"

"Tìrẹ ńkọ́?"

Mo ní tèmi dára, tiyín náà dára. Ó ní òun ò béèrè tòun.

Ó wá tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "O gba ife lọ́wọ́ mi."

Mo ti ń kúnlẹ̀ lọ.

Ó ní, "O ṣeun. Lọ bu oúnjẹ wá."

Wọ́n ti tún ẹ̀jẹ̀ Mofẹ́ yẹ̀ wò, ó ṣì dára. Gbogbo irinṣẹ́ ọta mi ti kúrò nílé, ó wà ní shed Ray. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ìbọn tí gbogbo wa ń bẹ̀rù wà nínú àpótí onírin, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ike ice cream ló fẹ́ pa wá! Ohun tí a ò ní jẹ, ẹ má fi í sínú ike oúnjẹ láé, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Bí ọmọ bá sì jẹ ohun tí kò yẹ, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bu epo.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí nínú ilé tí ẹ rò pé ẹ ti ṣọ́ tán? Mo fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sí garage yín ná, ẹ ṣí gbogbo ike tó wà níbẹ̀ wò, kí ẹ tó wá máa kọ comment!