Ìyá Ẹlẹ́rù àti Fíríìjì Inú Lọ́hùn-ún

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í to ẹrù, ó ń rán an pọ̀ ni. Bí ó bá to ẹrù ọkọ̀ kan tán, èèrà tó bá fẹ́ gba àárín páálí méjì kọjá níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ fa ikùn mọ́ra. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé erin fún un, pẹ̀lú ìyá erin, pẹ̀lú àna erin tó wá kí wọn, á rí ibi tò wọ́n sí, àyè ìjókòó kan á sì tún ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọgbà tí wọ́n ti ń di ẹrù sọ́kọ̀ fi ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́rù. Òun ni olórí àwọn adìrù. Àwọn ọkùnrin tí apá wọn tó ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n bó bá wúkọ́ báyìí, gbogbo wọn á dúró ṣinṣin bí ọmọ iléèwé.

Iṣẹ́ náà ní èdè tirẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ bá a gbélé ní láti gbọ́ ọ. Ẹrù àjọrù ni ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọkọ̀ kan ṣoṣo kó, nítorí tí kò sí ẹni tí tirẹ̀ nìkan tó kún ọkọ̀. Ìwé ẹrù ni bébà tó ń sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀, ẹni tó ni ín, àti ibi tó ń lọ. Ẹrù àbọ̀ ni èyí tí ọkọ̀ gbé bọ̀ wálé kó má baà padà lófìfo. Owó ìdúró ni ti ẹni tó bá dá ọkọ̀ dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá Ẹlẹ́rù kì í sì í fi èdè yìí sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti òde dé lọ́wọ́ òfìfo, á bi í pé ẹrù àbọ̀ dà. Àlejò tó bá jókòó títí tí oorun ń kun onílé á gbọ́ nípa owó ìdúró. Nígbà tí gbogbo ẹbí wọ mọ́tò kan rìnrìn àjò, òun ló tò wá: ẹni tó máa kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Bàbá àgbà ló ń lọ jìnnà jù, ó bá tì wọ́n sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pátápátá, a ò sì fojú kàn wọ́n mọ́ títí a fi dé.

Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ẹrù tó máa kọ́kọ́ sọ̀ ni kó kẹ́yìn wọlé. Òfin kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é: ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ kan ẹrù òun.

Ó wá di ọjọ́ kan tó to ẹrù àjọrù kan tó wu òun fúnra rẹ̀ débi pé ó pe àwọn akọ̀wé jáde wá wò ó. Fíríìjì ńlá kan ló wà nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ẹrù ti ń fẹ̀yìn ti orí ọkọ̀, nítorí ilé ìgbẹ̀bí tó ni ín ni ibùdó tó kẹ́yìn. Ó gbé e dúró lóòró, torí fíríìjì tó bá dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà ní láti sinmi pẹ́ kí wọ́n tó taná sí i. Ó fi mátírẹ́ẹ̀sì há a kó má baà mì. Lẹ́yìn náà ló wá to àga, páálí ọṣẹ, bébà àwọn atẹ̀wé àti táyà dí i pa.

Ọkọ̀ kò tíì jáde nígbà tí ọ́fíìsì pe awakọ̀ pé wọ́n ti ti afárá ojú ọ̀nà náà, kó yí gba ẹ̀yìn. Ibùdó tó kẹ́yìn wá di àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìgbẹ̀bí náà pè láìpẹ́. Fíríìjì rẹ̀ àtijọ́ ti kú láàárọ̀. Ó ti kó àwọn oògùn àjẹsára àwọn ọmọ sínú kúlà oníyìnyín, yìnyín náà kò sì lè kọjá ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń bọ̀ lọ́la, bí èyí bá sì bàjẹ́, kò sí òmíràn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nítòsí.

Inú awakọ̀ dùn. Ẹ-Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí kòtò tó bọ́ sí tí kì í kí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ṣebí ilé ìgbẹ̀bí ló kọ́kọ́ kàn wàyí. Ìyá Ẹlẹ́rù kò rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló mọ ibi tó ti fíríìjì mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bá ọkọ̀ mìíràn lọ, wọn ò ní dé títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Ó gun ọkọ̀, ó jókòó ti awakọ̀, kó lè lọ tú ẹrù náà fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ti di ẹrù tó lè yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì kò tíì bá ọ̀kan nínú wọn lọ rí. Ẹ-Pẹ̀lẹ́ ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin lérí; ìgbín kan tó fẹ́ sọdá wò wọ́n, ó sì kọjá lọ láìkánjú. Ìyá Ẹlẹ́rù fara dà á títí, ó wá ní, “Àwọn kòtò yìí ti gbọ́ ìkíni ẹ. Tẹ̀ ẹ́.”

Nígbà tí wọ́n dé, Nọ́ọ̀sì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá kúlà mọ́ àyà. Ẹ-Pẹ̀lẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Ògiri ẹrù ni wọ́n rí.

“Màmá, fíríìjì náà ńkọ́?”

“Ó wà nínú lọ́hùn-ún.”

“Lọ́hùn-ún níbo?”

“Lẹ́yìn gbogbo ohun tójú ẹ ń rí yìí.”

Nọ́ọ̀sì ṣí kúlà díẹ̀, ó wò ó, ó pa á dé.

Ìyá Ẹlẹ́rù fa táyà kan, táyà kọ̀. Ó fa páálí, páálí náà kọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló wá dúró sí i lọ́nà bí ọlọ́pàá. Àwọn ará àdúgbò ti ń jáde: télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ, àti bàbá arúgbó kan tó mú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, tó sì ti ń pàṣẹ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tó pọnmọ gbá páálí kan mú.

“Má fọwọ́ kàn án,” ni Ìyá Ẹlẹ́rù wí. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, kò rò ó.

Obìnrin náà kò gbọ́wọ́ kúrò. Ó ní, “Màmá, ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ lọ́la ló wà lẹ́yìn mi yìí. Ẹ ṣáà sọ ibi tí n máa gbé e sí.”

Ìyá Ẹlẹ́rù wò ó, ó wo ọmọ. Ó yí sí télọ̀, ó tọrọ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó sì fi fa ìlà sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ọṣẹ níbí, bébà lọ́hùn-ún, àga lábẹ́ igi. “Ó yá, gbé e síbí. Fi orókún gbé e, má fi ẹ̀yìn.”

Kí á tó ṣẹ́jú, àdúgbò ti di ọgbà ẹrù. Ọṣẹ kún ṣọ́ọ̀bù télọ̀ débi pé ó ní láti máa rán aṣọ lóòró. Bàbá arúgbó ti rí àga onírọ̀rí kan nínú ẹrù, ó jókòó sí i, ó ń pàṣẹ lọ. Nígbà tí wọ́n nílò àyè, wọ́n gbé àga náà tòun ti bàbá, kò sì dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ-Pẹ̀lẹ́ ń kí gbogbo páálí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Fíríìjì wá yọ ní ìkẹyìn, kò ha lára, wọ́n sì gbé e wọlé. Wọ́n jẹ́ kó sinmi díẹ̀, wọ́n taná sí i. Iná tí ojú kì í tì tẹ́lẹ̀ ní àdúgbò náà mọ ìtìjú lọ́jọ́ yẹn, kò lọ.

Ó wá ku kó tutù. Nọ́ọ̀sì gbé àpótí ìjókòó síwájú rẹ̀, ó ń wo ẹ̀rọ kékeré tó fi ń mọ bó ṣe tutù tó. Ìyá Ẹlẹ́rù àti ará àdúgbò ń di ẹrù padà ní títò tuntun. Páálí kan wọ́. Ó rí i, ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó fi okùn dè é. Fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín, tí ènìyàn lè gbà dé inú lọ́hùn-ún.

Ẹ-Pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n máa lọ. Ìyá Ẹlẹ́rù ní òun ò lọ, àfi bí fíríìjì bá tutù.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Nọ́ọ̀sì tó jáde. “Ó ti tutù. Mo ti kó wọn sínú ẹ̀. Yìnyín tó kù ò ju kóró ṣúgà lọ.” Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́rù gbá a mú.

“Má kí mi. Èmi ni mo tì í mọ́ inú lọ́hùn-ún. Àwọn wọ̀nyí ló yọ ọ́.”

Obìnrin tí kì í kí ẹnikẹ́ni kú iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ télọ̀ nítorí ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀kì. Ó di ìyá ọlọ́mọ yẹn lọ́wọ́ mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó, ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ̀yin tí ẹ bá wa jókòó.” Bàbá ní kò tó nǹkan.

Lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì pè láti sọ pé kò sí ọmọ kan tó wá tí kò gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Àwọn ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Igbe àwọn ọmọ náà sì ń wọlé láti ẹ̀yìn wọn, kíkan kíkan. Nínú gbogbo àdúgbò yẹn, àwọn ọmọ yìí nìkan ni kò tíì rí ohun tí wọ́n fẹ́ máa dúpẹ́ lé lórí.