Ajá Tí Mo Fẹ́ Kó Bu Aládùúgbò Mi Jẹ

Mo fẹ́ kí ajá bu ọkùnrin kan jẹ. Mi ò ní kó pa á o. Mo kàn fẹ́ kó bù ú jẹ ní itan, kó máa tiro kiri àdúgbò wa, Alágbàká, kí gbogbo ayé máa bi í pé kí ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí rẹ̀, torí inú mi ṣì ń ru títí di òní.

Lásìkò yẹn, ọjọ́ méjì-mẹ́ta làwọn ènìyàn fi ń to mọ́tò sí ilé epo ní Àkúrẹ́, owó oṣù àwa tíṣà kì í sì í jáde bó ṣe yẹ. Ọ̀sán Sátidé kan ni ọkọ mi ṣubú lulẹ̀ nínú pálọ̀ wa, kò lè mí dáadáa mọ́. Mo sáré lọ bá aládùúgbò wa, ọ̀gá kan ní sẹkitéríàtì, tó jẹ́ pé fẹ́ǹsì kékeré kan ló pín ilé wa níyà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò tilẹ̀ yọ pákò lẹ́nu.

Ó ní, “Tíṣà, kò sí epo nínú mọ́tò.”

Mo gbà á gbọ́, torí ta ló ní epo nígbà náà? A gbé ọkọ mi sórí ọ̀kadà, mo dì í mú látẹ̀yìn. Ó kú kí a tó dé ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn ṣì ń wọlé, mo gbọ́ tí ó ṣáná sí mọ́tò náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sì sí ilé epo kan tó ṣí ní gbogbo Àkúrẹ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Ó padà wá kí mi. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ní ẹ ṣé, sà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Kúùkù rẹ̀, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò gba ajá wọn. Mo bi í bóyá ajá náà máa ń bu ènìyàn jẹ. Ó ní, “Ajá òyìnbó ni, mà!” Ìyẹn tó mi. Lójú tiwa nígbà náà, gbogbo ajá tó bá ti ga, tó sì ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá, ajá tó ń fa ènìyàn ya ni. Gólídìn ritrífà ni wọ́n pe irú èyí. Irun rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó gùn, etí rẹ̀ já sílẹ̀. Òyìnbó náà dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ní ajá ọmọdé ni, ajá inú ẹbí ni. Mi ò fetí sí i. Mo rò pé àwọn ọmọ òyìnbó nìkan ni kì í bù jẹ.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ajá di òǹrorò. Wọn á tì í mọ́ inú òkùnkùn ní ọ̀sán kó má baà mojú ènìyàn, wọn á sì máa po ata mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Mo tì í mọ́ sítọ̀. Mo po ata mọ́ ẹ̀bà rẹ̀, ẹ̀bà tí àwa gan-an kò jẹ yó. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sín, ó mu omi, ó wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì á yọ́ wọ sítọ̀ náà lọ sùn tì í. Irú ìyà wo nìyí!

Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ gbé síńgílẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà wá sí àgbàlá wa. Mo tì í mọ́ ajá náà nímú, mo ń fi igi na ògiri, mo ń pariwo pé, “Òun nìyí! Mú un!” Ó mú un lóòótọ́. Ó rọra fi ẹnu gbé e bí ẹni gbé ẹyin, ó fo fẹ́ǹsì, ó lọ dá a padà fún ẹni tó ni í. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà láti ibi tí mo dúró sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí ajá yẹn má lọ síbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọkùnrin náà níṣẹ́ nígbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, àwọn tó máa ń wá kí i tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́. Yóò jókòó sórí àga lẹ́yìn ilé, ajá á gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, wọn á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ń ra eegun ẹran fún un, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń mu gàrí. Mo na ajá náà. Ó lá mi lọ́wọ́. Ọjọ́ kan ni mo yọjú lójú fèrèsé, tí mo rí ọkùnrin náà tó dì mọ́ ọn, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ibi tí yóò ti dùn ún jù ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ọmọ Oǹdó ni mí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní ilé tó ní àgbàlá ńlá níbẹ̀. Mo gbé ajá náà lọ fún un. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi pé ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ajá fún ọkùnrin yẹn yóò mọ̀ pé èmi ni mo bí òun.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró nídìí fẹ́ǹsì. Ó ní, “Tíṣà, ajá wa dà? Ṣé kò sí n'úlé ni?”

“Ó wà ní Oǹdó, sà.”

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ará Oǹdó àti ẹran ajá ní Àkúrẹ́. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi kì í jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá ti ń kọjá, wọn á ní kí wọ́n so ajá mọ́lẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó wúlò fún mi.

Ó di fẹ́ǹsì mú. “Oǹdó kẹ̀? Tíṣà!”

Mo ní, “Nǹkan le, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

Mo wọlé, mo jẹun yó. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ṣí fìlà. Ó ní epo wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun pé bí òun bá lò ó, òun kò ní rí òmíràn, pé kí n jọ̀ọ́, kí n dárí ji òun. Ó wá bi mí, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, “Ajá yẹn ńkọ́? Ṣé kò jẹ̀rora? Ṣé wọ́n tètè pa á?”

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni mo dé láti Oǹdó. Ajá náà sanra, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kéré jù ń gùn ún kiri àgbàlá.

Mo wo ojú ọkùnrin náà dáadáa kí n tó dá a lóhùn.

Mo ní, “Rárá o, sà. Ó pẹ́ kó tó kú.”