Ilẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Òkú

Èébú ló mú wa mọra. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé ni mo ń ṣe, mo sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún màmá òyìnbó kan ní Yarnton Way, ní London, nígbà tí wọ́n ráhùn lábẹ́ ẹnu pé ọwọ́ mi le bí ọwọ́ ẹni tó ń fún wàrà màlúù. Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọn ò mọ̀ pé Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, pé Faransé ni mo fi kàwé kí n tó lọ́kọ sí Èkó. Mo fi Faransé dá wọn lóhùn pé ọwọ́ tèmi ò le, ẹsẹ̀ tiwọn ló wú. Háà! Màmá pariwo. Wọ́n di ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún.

Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì parí láàárín wa. Bí mo bá ti wọlé láàárọ̀, ọ̀rọ̀ abúlé wọn ló kù. Abúlé kékeré kan ni ní ilẹ̀ Faransé, láàárín oko, orúkọ rẹ̀ gùn ju títì rẹ̀ lọ. Ààrò búrẹ́dì kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń lò. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ fà sórí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, kí búrẹ́dì onílé má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Níbi ìfọṣọ, àwọn obìnrin a máa lu aṣọ, wọn a sì máa lu orúkọ ọmọlọ́mọ mọ́ ọn. Bí ẹnìkan bá pa ẹlẹ́dẹ̀ nígbà òtútù, kò sí aládùúgbò tí kò ní jẹ níbẹ̀. Bí èèyàn bá kú, aago ṣọ́ọ̀ṣì á dún, lọ́nà kan fún ọkùnrin, lọ́nà mìíràn fún obìnrin, gbogbo ẹni tó wà lóko á dá ọkọ́ dúró, wọ́n á máa bi ara wọn pé ta ni.

Lẹ́yìn náà ni ogun kó àwọn ọkùnrin wọn lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ wọn nìkan ló padà wálé, lára òkúta níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Katakata tó ń túlẹ̀ dé, oko ò wá ọwọ́ èèyàn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ gba ìgboro lọ. Màmá náà lọ. Wọ́n wá sí London láti máa bá olówó kan tọ́mọ, wọ́n pàdé sójà kan ní Woolwich, wọ́n fẹ́ ẹ, ó parí. Lẹ́yìn wọn ni ilé ìwé tì pa, ààrò náà tì pa. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì wá láti ìlú míì, nígbà tó yá ọkọ̀ náà ò wá mọ́.

Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, àyà mi a máa já. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Agbo ilé bàbá mi ní Kétu ńkọ́, yàrá mélòó ni èèyàn ṣì ń sùn sí níbẹ̀? Àwọn ọmọ mi níhìn-ín ní Glyndon Estate, bí mo bá sọ Yorùbá sí wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ nǹkan tí wọ́n kì bọ etí. Ta ló máa padà lọ ṣílẹ̀kùn?

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí àwọn bá kú, kí wọ́n má dáná sun àwọn o, kí wọ́n gbé àwọn lọ sínú sàréè ìyá àwọn ní abúlé. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tí bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kó kọ́ Faransé, ti ń ro ti iná tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí Màmá fi Faransé sọ ọ́ tẹkúntẹkún, tí mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní bí àyè bá wà níbẹ̀, òun á gbé wọn lọ, kí n jọ̀ọ́ bá òun pe ọ̀fíìsì abúlé náà. Màmá fi ẹnu ko ọwọ́ mi. Wọ́n ní, “Ìyá mi á rí mi.”

Ọ̀fíìsì náà kì í ṣí lójoojúmọ́. Bí mo bá ti dé, Màmá á bi mí pé ṣé wọ́n ti gbé fóònù. Nígbà tí obìnrin kan gbé e níkẹyìn, ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní sàréè yẹn ò sí mọ́. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n fún òkú ní àsìkò tirẹ̀, àsìkò ti ìyá Màmá ti pé. Wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ òkúta orí sàréè náà títí, kí ẹbí wá tún owó ilẹ̀ san, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Wọ́n wá hú egungun, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ní, “Ẹ hú òkú?” Ó ní bí òfin ṣe wí nìyẹn. Mo ní ó dáa, ẹ fún wọn ní ilẹ̀ tuntun. Ó ní ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tàbí ẹni tí ẹbí rẹ̀ ní sàréè níbẹ̀, ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. “Màmá yín ò sí nínú méjèèjì mọ́.”

Inú bí mi débi tí mo fi bọ́ sí Yorùbá. Mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń háyà ilẹ̀ fún òkú, ẹ tún ń lé e jáde! Ta lẹ fẹ́ kó wá ka ìkìlọ̀ yín, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ tán? Obìnrin náà ní kí ni mo wí. Mo pa fóònù, nítorí ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Irọ́ ni! Ilé náà lè yọ́ lọ kó má dágbére fún ọ.

Ọmọ wọn ní òun ò lè sọ ọ́, kí n fi èdè wọn sọ ọ́ fún wọn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo sọ ọ́ tán. Wọn ò sunkún. Wọ́n bi mí pé, “Òkúta ńkọ́?” Mo ní wọ́n ti gbé e kúrò. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Thank you, dear,” bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá gbé ẹrù wá sẹ́nu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí wọn ní Faransé. “Good morning” ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo sọ Faransé títí, mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ pè kí wọ́n lè bá mi wí. “Thank you, dear.” Ọkàn mi bàjẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá tèmi lọ. Mo bú sẹ́kún nínú lífìtì, ẹni tí a jọ wọ̀ ọ́ ò mọ ibi tó máa wò.

Nígbà tí òtútù wọ̀ wọ́n láyà, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù tó wà nítòsí Woolwich Common. Mo lọ wò wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbọ́ ohùn wọn, ó bi wọ́n pé ìlú wo ni wọ́n ti wá. Màmá ní, “I'm from here.”

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi. “Auntie, ṣé òótọ́ ni? Accent yìí mà kì í ṣe ti ibí o.”

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní wọn ò ní ibòmíràn.