Igbó Orí Ìwé

Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń ṣètò ààbò igbó. Ẹ bi í léèrè iye igi tó wà níbẹ̀, á dáhùn bí ẹni tó gbìn wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó ka òfin tuntun wọn sétí ìyá rẹ̀, tó ń já ewé tà: “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ igbó etí odò mọ́.”

Ìyá ń di ewé rẹ̀ lọ. “Ó dáa. Àwọn tó ń jí gẹdú gé, tí àwa eléwé máa ń lé, ta ni yóò máa lé wọn?”

“Òfin ni, Màmá.”

“Ṣé òfin yín máa ń jí ní ìdájí?”

Ìdájí ọjọ́ kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ igbó náà. Ìyá rẹ̀ ló ń fọ̀nà hàn án.