Ẹ̀rọ Ìlu Tí Yàkúbù Yàn

Ní ìlú Òsí, bí ènìyàn bá gbé góòlù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kì í fi í sílẹ̀ kó padà sílé. Àpótí ni yóò fà, yóò jókòó ti alágbẹ̀dẹ náà, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Wọ́n á wọn góòlù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n pẹ̀lú èérún rẹ̀ nígbà tó bá parí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ti fi idẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Yàkúbù fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sì bà á lẹ́rù rí. Ní ọdún 1980, lẹ́yìn ààwẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Irin ìlu tó fi ń lu ihò sára góòlù kò ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan lọ, okùn ni wọ́n fi ń yí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá dì í mú gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Ọwọ́ Yàkúbù kò dúró mọ́.

Àìsàn náà gan-an kọ́ ló ń já a láyà. Ọ̀rọ̀ Ṣítù ni. Ṣítù jẹ́ alágbẹ̀dẹ góòlù bíi tirẹ̀ ní Èrúkù. Lọ́jọ́ kan, ó làágùn lójú obìnrin kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀.

"Ṣítù, òógùn nínú ọyẹ́? Kí lo gbé pamọ́?" ni obìnrin náà bi í.

Góòlù kankan kò sọnù. Síbẹ̀, kí oṣù náà tó parí, Ṣítù ti di irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti fi ìlú sílẹ̀. Bí òógùn lásán bá lè lé ènìyàn kúrò nílùú, kí ni wọn yóò ṣe fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí góòlù onígóòlù?

Nítorí náà ni Yàkúbù ṣe fi àìsàn náà pamọ́, àní fún Sikirat ìyàwó rẹ̀. Ó ní inú yàrá lòun á ti máa dá jẹun, pé ariwo àdúgbò ń dí òun lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń lu ihò ti dé Ìlọrin, ó wọ ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀rọ méjì ni Bẹ̀llò tó ń ta irinṣẹ́ gbé síwájú rẹ̀. Èkíní kò tóbi ju ṣùkù àgbàdo lọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í mú, ó sì ń yí fùù bí ìjì. Èkejì wúwo, ó dúró lórí òpó irin, ó ní tábìlì kékeré lábẹ́ àti ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń fà á wálẹ̀.

"Alfa, kékeré yìí ni ti ọ̀làjú," ni Bẹ̀llò wí. "Ẹ dán an wò lára idẹ yìí."

Yàkúbù dì í mú. Ẹnu irin náà yọ̀, ó sá gba ojú idẹ kọjá, ó ha á wọ́gọwọ̀gọ. Èérún idẹ tú dà sára aṣọ Bẹ̀llò.

"Háà! Alfa, ṣé ẹ fẹ́ kọ tírà sára idẹ ni?"

Yàkúbù bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo èérún idẹ lára aṣọ náà. Ká ní góòlù ni, ta ni yóò bá onígóòlù gbá a jọ?

Ó yíjú sí èyí tó wúwo.

"Ìyẹn lọ́ra, Alfa."

"Bó ṣe lọ́ra yẹn ni mo fẹ́."

Bẹ̀llò fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ti bẹ́líìtì láti orí kẹ̀kẹ́ irin kan sí òmíràn kí ẹ̀rọ lè túbọ̀ rọra yí. Yàkúbù fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu ẹ̀rọ náà, ó jẹ́ kó máa yí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Ẹnu irin náà ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní kí Bẹ̀llò gbé òmíràn wá. Irin kejì kò jó. Ó de idẹ mọ́ orí tábìlì rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọwọ́ irin náà, ó fà á. Ihò jáde róbótó, èérún ká sílẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ìwúwo ẹ̀rọ náà gbé ìgbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ mì. Èyí ló rà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó ti ẹ̀rọ náà ni Keziah, ìyá Japhet, àgbàlagbà obìnrin tí gbogbo ọjà mọ ẹnu rẹ̀. Yẹtí góòlù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti jẹ lójú ihò débi pé ó ń fẹ́ ihò mìíràn, Modúpẹ́ ọmọ rẹ̀ yóò sì lò ó lọ́jọ́ Sátidé tí í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Wọ́n wọn yẹtí náà. Yàkúbù dè é mọ́ orí tábìlì ẹ̀rọ náà, ó fa ọwọ́ irin wálẹ̀. Ihò tuntun jáde, kò sí àbùkù.

Ìgbà tó gbé ẹ̀mú láti ṣa èérún sínú òṣùwọ̀n ló tó rántí pé ẹ̀rọ kò lè bá òun ṣe ìyẹn. Ẹ̀mú náà ń lu etí òṣùwọ̀n, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́.

"Yàkúbù," ni ìyá Japhet wí, "kí ló ń gbọ̀n ọ́?"

Yàkúbù gbé ẹ̀mú náà sílẹ̀.

"Àìsàn ni, Ìyá. Ó ti tó ọdún kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn góòlù yín fúnra yín."

Ìyá Japhet tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi itọ́ rin ìka, ó ń lẹ èérún náà wẹ́wẹ́ sínú òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹtí. Òṣùwọ̀n lọ sókè, ó wá sísàlẹ̀. Ó dọ́gba.

"Gbọn apá aṣọ rẹ."

Yàkúbù gbọ̀n ọ́n. Nǹkan kan kò jábọ́.

"Ta ló mọ̀ sí i?"

"Ọlọ́run, àti ẹ̀yin báyìí."

"Sikirat ńkọ́?"

"Kò tíì mọ̀."

"Ọdún kan! Tí o sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀!" Ó so yẹtí náà mọ́ etí ìró, ó dìde. "N kò ní pè ọ́ lólè, mo ti wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi kì í gba ìdè, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ilé rẹ ni mo sì ń gbà. Bí o bá fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, yáa ṣíwájú mi."

Yàkúbù pa ẹ̀rọ, ó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Sikirat ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Ó lóṣòó níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí atẹ ẹ̀wà náà, ó sì jẹ́ kó máa gbọ̀n bó ṣe fẹ́.