Iná Dé, Ẹ Má Tíì Tàn Án

Iṣẹ́ tí Ṣìmí ń ṣe kò le. Nẹ́pà ló sọ ọ́ dìyà. Lọ́dún 1996, òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àgbà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Sùúrùlérè. Inú ẹ̀rọ náà ni àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà.

Bí iná bá ti lọ, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ náà nísàlẹ̀ àti kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì lókè kò lè lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣìmí á gun àtẹ̀gùn lọ sókè, á ní kí àwọn nọ́ọ̀sì tọ́jú ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì pa tiwọn. Á tún sọ̀ kalẹ̀ wá pa ẹ̀rọ àgbà bó ṣe yẹ. Bí iná bá dé, á kọ́kọ́ dúró kí iná fìdí múlẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó di aago méjì. Orúnkún ń dun Ṣìmí. Bí iná ṣe dé báyìí, Dókítà Ọlápàdé tó ni ilé ìwòsàn wọlé, ó ní èrò ti pọ̀ jù níta, kó tan ẹ̀rọ.

Ṣìmí ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bátìrì ti gbẹ. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.”

Dókítà na ọwọ́, ó tan án fúnra rẹ̀. Ó ti rẹ Ṣìmí kọjá ẹni tí í jiyàn. Ẹ̀rọ kò tíì jí tán tí iná fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sì lọ. Nígbà tí wọ́n tún tàn án, àkọsílẹ̀ ò ṣeé ṣí mọ́.

Ṣìmí dá ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tó ti tọ́jú sórí téèpù lọ́jọ́ Àìkú padà sínú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ló kù tí yóò tún tẹ̀ láti inú káàdì tí wọ́n fọwọ́ kọ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ Sátidé, ó bá dókítà níwájú òkìtì káàdì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, dókítà ló kọ wọ́n, kò sì sẹ́ni mìíràn tó lè ka ìkọ̀wé rẹ̀.

Dókítà ní, “Èmi ni mo fà á, Ṣìmí. N ó máa kà á, kí o máa tẹ̀ ẹ́.”

Nígbà mìíràn, dókítà fúnra rẹ̀ á gbé káàdì súnmọ́ fèrèsé, á wò ó títí kó tó lè kà á. Wọ́n ti tẹ ọgọ́ta ó lé díẹ̀ nígbà tí iná lọ. Ṣìmí di tábìlì mú kó lè dìde.

Dókítà ní, “Jókòó. Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?”

Ṣìmí bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.